Mo lẹ orúkọ àwọn tí kò tíì san owó ìkórè mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wé_Ìkórè

Òkun o, gbogbo ilé.

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkórè ní ìjọ wa, ní ìlú kékeré kan ní Ìjùmú, nílẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Mi ò ní dárúkọ ìlú, mi ò sì ní dárúkọ ìjọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ fi sínú. Sátidé tó ń bọ̀ la máa ṣèpàdé lórí ìkórè tọdún yìí, àbá kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ gbé síwájú wọn, àmọ́ mi ò tíì mọ ibi tí màá ti mú un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá rèé. A bu owó fún ọkùnrin ní ₦10,000, obìnrin ₦5,000, ọmọ ìlú tó wà ní Àbújá, Èkó tàbí Kàdúná ₦50,000. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, owó kò wọlé bó ṣe yẹ. Alága ní kí n tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó ṣì jẹ gbèsè, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Èmi náà ni mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò ràn mí lọ́wọ́.

Màmá kan wà tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì àwọn ọmọdé ló ti ń gbá a. Láàárọ̀ Sọ́ńdè yẹn ó rí èrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Màmá kò mọ̀wé, ó wá ní kí ọmọ ọmọ rẹ̀ ka ohun tó wà níbẹ̀ fún òun. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń fi ìka tọ orúkọ, ó ń kà á sókè ketekete bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níléèwé. Nígbà tó dé nọ́ńbà 23, ó fò sókè: "Màmá, orúkọ yín rèé!" Inú rẹ̀ dùn o. Lójú tiẹ̀, ohun iyì ni kí wọ́n kọ orúkọ èèyàn sára ilé Ọlọ́run. Màmá ní, "O ṣeun, ọkọ mi." Ó wọlé, ó jókòó, ó kọrin. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e kò wá, títí di òní kò wá mọ́. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ ìkórè gan-an, àga onítìmùtìmù mẹ́fà la tò síwájú. Ọ̀gá kan dé nígbà tí ìwàásù ti parí, a dá orin dúró ká lè kí i káàbọ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́, mi ò bá olówó jà. Páànù tó wà lórí wa, ọmọ Àbújá ló rà á. Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: báwo lẹ ṣe ń kówó jọ níjọ tiyín tí ẹni tí kò ní kò fi ní di ẹni ẹ̀sín?

Ọmọ_Yàgbà_Gidi

Ṣé ìwé yẹn ṣì wà lára ilẹ̀kùn? Tó bá ṣì wà, ẹ lọ yọ ọ́ lónìí, ẹ má dúró de ìpàdé kankan.

Akọ̀wé_Ìkórè

Òjò ti fọ ọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ojú gọ́ọ̀mù ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá_Oníkájú

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: oṣù wo lẹ ń bu owó? Mo mọ̀ pé ẹ máa ní Oṣù Kẹsàn-án, kí ìkórè lè bọ́ sí Oṣù Kọkànlá. Ta ló ń lówó lọ́wọ́ lóṣù Kẹsàn-án nílùú wa níbí? Àsìkò yẹn ni iléèwé ń wọlé. Iṣu tuntun tí a kọ́kọ́ wà, a ti jẹ díẹ̀, a ti tà díẹ̀, owó rẹ̀ ti di ìwé àti yunifọ́ọ̀mù ọmọ.

Àsìkò kájú lowó máa ń wà lọ́wọ́ wa. Láti Oṣù Kejì títí dé Oṣù Kẹrin, àwọn oníṣòwò á gbé ọkọ̀ wá, wọ́n á gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kódà ọmọdé tó ṣa èso ìdí igi kan á rí owó dání. Níjọ tiwa a ti gbé owó ìkórè sí ìgbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ á gbé kájú fúnra rẹ̀ wá, kọ́ńgò kan, kọ́ńgò márùn-ún, a ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan, a ó tà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá ti wọnú àpò, ta ló tún lè sọ pé ti Ìyá Báyìí kéré? Èso kájú kò ní orúkọ lára.

Ohun kejì: ẹ ka iṣẹ́ mọ́ owó. Màmá yẹn ń gbálẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Tí ẹ bá háyà ẹni tí á máa gbá a, èló lẹ máa san fún un lọ́dún? Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò ìkórè. Mo fẹ́ rí alága tí á bá a dọ́gba nínú ẹ̀yin tí ẹ ń san ₦10,000.

Alákàwé_Bíbélì

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí Ìyá sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ẹ́kísódù 30 ẹsẹ 15 ní nígbà tí wọ́n ń ka àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, ààbọ̀ ṣékélì ni kálukú máa mú wá. Olówó kò gbọdọ̀ san jù bẹ́ẹ̀, tálákà kò sì gbọdọ̀ dín in kù. Tí gbogbo wa bá san iye kan náà, ta ló máa gbéra ga? Ẹ̀yin tí ẹ bu ₦50,000 fún ará Àbújá tí ẹ bu ₦5,000 fún màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pín ìjọ sí méjì. Ẹni tó san ₦50,000 á béèrè àga onítìmùtìmù, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i lójú ara rẹ̀.

Ìyá_Oníkájú

Ọmọ mi, ṣé Léfítíkù 5 kò sí nínú Bíbélì tìrẹ ni? Ẹni tó ní àgùntàn, kó mú àgùntàn wá. Tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, àdàbà méjì. Tí ìyẹn náà kò bá sí, ìyẹ̀fun díẹ̀. Ẹbọ kan náà ni o, ìdáríjì kan náà. Màríà àti Jósẹ́fù pàápàá, nígbà tí wọ́n gbé Jésù lọ sí tẹ́ńpìlì, ẹbọ ẹlẹ́yẹ méjì ni Lúùkù 2 sọ pé wọ́n rú. Ká ní ìjọ yín ni wọ́n wá, orúkọ wọn á wà lára ilẹ̀kùn.

Alákàwé_Bíbélì

Hẹn, ẹ ti mú mi, Ìyá. Mo gbà fún yín. Síbẹ̀ mo ṣì dúró lórí pé kí owó orí tí gbogbo ìjọ máa san dọ́gba, kó sì kéré débi tí ẹni tó kéré jù lè san án láìtọrọ. Èyí tó bá lé lórí ìyẹn, kó jẹ́ ọrẹ àtinúwá.

Àbújá_Ni_Mo_Wà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mo ní mi ò ní dá sí i, àmọ́ ẹ̀ẹ́mẹ́fà lẹ ti pe orúkọ wa.

Ẹ̀yin tó wà nílé, ta ló sọ fún yín pé olówó ni wá? Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Tèmi ju ìyẹn lọ, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ilé tí mò ń háyà gbé níbí, ẹ má jẹ́ n sọ iye rẹ̀. Kí oṣù Kọkànlá tó dé, ẹ̀ńfílóòpù mẹ́sàn-án ló ti dé ọ̀dọ̀ mi: ti ìkórè àgbà, ti ìkórè àwọn ọ̀dọ́, ti akọrin, ti ẹgbẹ́ obìnrin, ti ìjọ ìyàwó mi ní Mọ̀pà, ti ìsìnkú bàbá ẹnìkan tí mi ò mọ̀. Lọ́dún kan wọ́n fi mí ṣe Bàbá Ìkórè. Wọn ò bi mí. Wọ́n tẹ fọ́tò mi sórí pátákó, wọ́n gbé e sí oríta, ẹnìkan yà á ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo lọ yáwó ní kọpẹrétíìfù. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi san án. Ọmọ mi obìnrin dúró sílé fún sáà kan.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ẹ̀gbọ́n mi kan fẹ̀yìn tì, ọ̀gá ńlá ni tẹ́lẹ̀. Ìkórè àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó wọlé, ó lọ síbi àga tó máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Ọ́ṣà mú un lápá jẹ́jẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn àlejò ló ni ibẹ̀ yẹn." Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò mọ̀ pé owó bàbá yìí ni wọ́n fi ra àga náà. Ẹ̀gbọ́n lọ jókòó sẹ́yìn, lẹ́bàá ojú fèrèsé. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rí àwọn tó máa ń jókòó síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Torí náà, Akọ̀wé, tí ẹ bá ń tún ọ̀rọ̀ ti màmá ṣe, ẹ rántí tiwa náà. Ẹ má pe iye mọ́ mi lórí nínú máíkì. Ẹ jẹ́ kí n fi tíránsífà ránṣẹ́ ní iye tí mo ní.

Ẹ̀kọ_Tútù

Bàbá Ìkórè tó yá owó kọpẹrétíìfù! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo wá rántí pé èmi náà yá ₦30,000 fún aṣọ ìkórè lọ́dún tó kọjá.

Pásítọ̀_Oko

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ìjọ mẹ́ta ní Yàgbà àti Bùnú, mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀, torí pé èmi náà ti pe iye owó nínú máíkì rí. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ìdí tí a fi ń pè é ni pé ó ń ṣiṣẹ́. Tí o bá ní "Ta ló tún ní ₦100,000?" tí gbogbo ojú yí sí ibì kan, ẹni tó wà níbẹ̀ á dìde. Owó oṣù mi, òrùlé, gáàsì jẹnẹrétọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tó bá ní kí pásítọ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀ láìsọ ohun tí á fi rọ́pò rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jẹun nílé pásítọ̀ rí.

Ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀ rèé ní ibi tí mo wà báyìí. Gbogbo èèyàn ló ń gba ẹ̀ńfílóòpù kan náà, funfun, kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí "ti àwọn àgbà" tàbí "ti àwọn olùfẹ́ ìjọ". Ẹni mẹ́ta ló ń kà á, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ opó tàbí àgbẹ̀ tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ kankan. Wọ́n á kéde àpapọ̀ rẹ̀ ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ rìsíìtì, kó wá sọ́fíìsì, a ó kọ ọ́ fún un. Iṣẹ́ tó bá tóbi bíi kíkan òrùlé, mo máa ń lọ bá ẹni tí Ọlọ́run bùkún nílé rẹ̀, èmi pẹ̀lú àgbà kan, a ó fi ìwé iye owó páànù hàn án, a ó jókòó, a ó mumi.

Mi ò ní purọ́ fún yín: ọdún kìíní owó já. Ó já gan-an ni, a ò rí owó kun ògiri. Ọdún kejì ó padà bọ̀, nítorí àwọn tó ti ń sá fún ìkórè bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ₦500 kì í mú un wá síbi tí wọ́n ti ń pe ₦100,000.

Ọ̀rọ̀ àga ńkọ́? Àwọn ọ́ṣà wa ti mọ̀ ọ́n: ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tí etí rẹ̀ ti di, ẹni tí orúnkún ń dùn, àti ìyá tó pọn ọmọ kékeré. Kọmíṣọ́nnà kan wá lọ́jọ́ kan, ó jókòó sáàárín bàbá adití kan àti ọmọ tó ń sunkún. Kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo ti ka Jákọ́bù 2, ọ̀rọ̀ olórùka wúrà àti tálákà tó wọ aṣọ ìdọ̀tí, fún àwọn ọ́ṣà yẹn tó ìgbà mẹ́wàá. Ohun tó yí wọn padà ni pé mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ àgbàlagbà kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ lọ mú wá láti ẹnu géètì.

Ọmọ_Bùnú

Ẹ ṣeun, Pásítọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìsìnkú kún un, nítorí níbẹ̀ ló burú sí jù.

Nígbà tí bàbá mi kú, a gbé káàdì ìjọ rẹ̀ lọ fún wọn. Akápò ṣí i, ó ń fi bírò kà á: ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́rin. Ó ní kí á san án kí wọ́n tó lù agogo. Bàbá mi ti fọ́jú láàárín ọdún mẹ́fà yẹn, kò lọ sóko. Ìkan-ìkan la ń dá owó náà níwájú akápò, àbúrò mi ọkùnrin bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Akápò kò gba aago. Ó ní owó ni káàdì mọ̀. Lóṣù yẹn kan náà, ìdílé olówó kan sìnkú, wọn kò tilẹ̀ béèrè káàdì. Bíṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló wá.

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó bá ti pé ọdún 70, tàbí tí àìsàn dá dúró, ìwé gbèsè rẹ̀ di òfo. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, kí wọ́n fọwọ́ sí i, nítorí pásítọ̀ tó ń ṣàánú lè gba ìwé ìyípòpadà lọ́la, èyí tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á tún béèrè káàdì.

Ọmọ_Yàgbà_Gidi

Ikú bàbá yín á jẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn ìbànújẹ́ o, ará Bùnú.

Ọ̀rọ̀ àga tí Pásítọ̀ sọ rán mi létí nǹkan. Ní 1908 ni Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ti àwọn SIM, dé ilẹ̀ Yàgbà. Bàbá àgbà wa máa ń sọ fún wa pé nígbà tiwọn, kálukú ló ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ láti ilé wá sí ìsìn. Tí o bá pẹ́, ẹ̀yìn lo máa gbé tìrẹ sí, bóo jẹ́ ìjòyè, bóo jẹ́ àgbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n kan bẹ́ńṣì mọ́lẹ̀ ni ó ní ìjà bẹ̀rẹ̀.

Ìlú_Ọba_Ni_Mo_Wà

Bẹ́ńṣì kan náà dá ìjà sílẹ̀ níbí o. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní England, ìdílé olówó ń sanwó fún bẹ́ńṣì tirẹ̀, òmíràn tilẹ̀ ní ilẹ̀kùn kékeré tí wọ́n ń tì. Ẹ lè rí irú rẹ̀ títí di òní nínú àwọn tí wọn kò tíì tú ka. Tálákà a jókòó síbi tí wọ́n kọ "ọ̀fẹ́" sí. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ìjọ Free Methodist bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pe ara wọn ní "Free" ni pé ẹnikẹ́ni kò ní sanwó àga lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà wa ló fà á.

Ẹ̀kọ_Tútù

Ẹ má sọ ti ilẹ̀kùn kékeré yẹn létí alága Akọ̀wé. Kápẹ́ńtà kò jìnnà sí wọn.

Akọrin_Ohùn_Kejì

Òkun o. Èmi ọ̀dọ́ fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Kì í ṣe owó ìkórè nìkan. Ta ló ń ka Bíbélì lọ́jọ́ ọdún Kérésì? Ọmọ ẹni tó wá láti Àbújá ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn, tí kò lè pe "Hábákúkù" dáadáa, nígbà tí èmi tó kọ́ gbogbo orin fún akọrin láti Oṣù Kẹsàn-án jókòó sẹ́yìn. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ìwàásù ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ti ọmọ olówó ní ọ̀sẹ̀ kejì, wákàtí kan ààbọ̀ pẹ̀lú àsọtẹ́lẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí náà sínú àbá yín tí ààyè bá wà.

Ìyá_Oníkájú

Ohùn kejì, ìwàásù ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìbùkún tó pọ̀ jù nínú gbogbo èyí. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ dúpẹ́.

Akọ̀wé, ìpàdé ti kọjá. Kí ni wọ́n wí?

Akọ̀wé_Ìkórè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó pẹ́. Iná kò sí níbí láti Ọjọ́bọ̀.

Ìpàdé gbóná. Mo ka àbá mi bí ẹ ṣe kọ́ mi. Alága ní ta ló ń fún mi ní ọ̀rọ̀ sọ, mo ní Léfítíkù ni. Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ kò dùn. Wọ́n gba ti kájú láìjiyàn. Gbogbo àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló fọwọ́ sí i kí n tó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n gbà pé a kò ní lẹ orúkọ mọ́ ibikíbi mọ́. Ẹ̀ńfílóòpù funfun, wọ́n ní ká dán an wò lọ́dún kan. Ọdún 70, wọ́n sọ ọ́ di 75, mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n pípe iye nínú máíkì, wọ́n kọ̀. Akápò ní bí a kò bá pè é, ta ló máa mọ ògiri tuntun? Wọ́n tún kọ̀ láti kó àga onítìmùtìmù kúrò. Mẹ́fà ṣì ni. Wọ́n ní ká fi méjì nínú rẹ̀ fún àwọn àgbà.

Mo gba ilé màmá lọ láti ibẹ̀. Ó ń bó ẹ̀gúsí lójúlé, ó fún mi ní àpótí kan, mo jókòó, mo bá a bó o díẹ̀. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní kò sí nǹkan kan. Mo sọ fún un pé a ti fagi lé gbèsè rẹ̀. Kò dáhùn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Ọmọ yẹn ka gbogbo rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà. Èmi ni ìkẹtàlélógún. Àbúrò alága yín ni ìkejìlélógún. Ṣé ó ti san tiẹ̀?"

Èmi ni akọ̀wé, mo mọ ohun tó wà nínú ìwé. Mo sì mọ àga tí ọkùnrin yẹn jókòó sí lọ́jọ́ ìkórè.

Mo ní kò tíì san.

Màmá ní, "Hẹn-ẹn." Ó ti igbá ẹ̀gúsí sún mọ́ mi, ó ní kí n yé fọ́ àwọn hóró náà.